Ìyàtọ̀ Arọ́pò-orúkọ àti Arọ́pò-afarajorúkọ
Àwọn olùkọ́ kan a máa pe ‘ó’ àti ‘òun’ ní arọ́pò-orúkọ bákan náà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Arọ́pò-afarajorúkọ ni ‘òun’: a ń wí pé ‘òun àti ìyá rẹ̀’ bí ẹni dárúkọ ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í wí pé ‘ó àti ìyá rẹ̀’. Ẹ sì kíyè sí ewu àṣìlò wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ‘Òjó sọ pé òun jalè,’ Òjó jẹ́wọ́ ni. Bí ó bá kọ ọ́ pé ‘Òjó sọ pé ó jalè,’ Òjó fi ẹlòmíràn sùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí kálàmù ọmọdé má baà di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀.