Ta Ló Jẹ Bátìrì Yìí?

Bí NẸPA bá mú iná lọ lálẹ́, tí ínfátà sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, akọ̀wé ọ́fíìsì kan ní Ketu ti mọ ohun tó ń dúró dè é láàárọ̀. Yóò tẹ nọ́ḿbà ọ̀gá àgbà, fóònù ẹnu géètì ni yóò dún. Yóò tẹ ti akápò, yàrá ìpàdé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ni yóò máa dún. Íńtákọ́ọ̀mù wọn ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i: nọ́ḿbà tí wọ́n yàn fún yàrá kọ̀ọ̀kan ti parẹ́, kálukú ti padà sí 101, 102, 103, bí ẹ̀rọ náà ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é.

Panasonic KX-TES824 ni. Bí wọn kò bá fi káàdì kún un, ìlà ìta 3 àti fóònù inú ilé 8 ló ń gbà. Bí wọ́n bá ki káàdì bọ̀ ọ́, ó lè dé ìlà 8 àti fóònù 24. Tòkunbọ̀ ni, kò sì tíì pé oṣù méje tí wọ́n rà á. Ẹni tó tà á ti nu ara rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì búra pé bátìrì tuntun lòun fi sínú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12 lọ̀rọ̀ náà rí: èyí tó wà lókè pọ́n dáadáa, ó kù kí a tú u dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá tó fẹ́ tún un ṣe dé, kò fọwọ́ kan wáyà kankan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi akọ̀wé. “Àǹtí, tí iná bá kàn ṣẹ́jú, ṣé ó máa ń gbàgbé?” Rárá. “Tí kò bá síná fún wákàtí kan ńkọ́?” Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àfi tí ilẹ̀ bá mọ́ tí iná kò dé. Ọ̀gá mi orí. Ṣíìpù ìrántí ṣì dára nìyẹn. Irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀, SRAM, kì í di nǹkan kan mú bí iná kò bá sí lára rẹ̀. Bí iná bá wà, páwà ẹ̀rọ ló ń bọ́ ọ; bí iná bá lọ, bátìrì pẹlẹbẹ kan lórí bọ́ọ̀dù ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Bátìrì ọ̀hún ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lè parí rẹ̀ ni.

Kó tó yọ ẹ̀rọ kúrò lára ògiri, ó fi wáyà USB so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, ó sì kó gbogbo ètò tí akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ padà sí i pamọ́. Ìgbà yẹn ló tó pa á.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ikosi Road. Fìtílà ọlọ́rùn gígùn, mítà, áyọ́ọ̀nù, lẹ́ẹ̀dì, ìgò spirit àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tó ti gbó ló wà lórí tábìlì. Bó ṣe ń tú sikúrù ló ń tò wọ́n sínú ìdérí ìgò, ti èèpo ẹ̀rọ lọ́tọ̀, ti bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, nítorí gígùn wọn kò dọ́gba. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ilẹ̀, kí iná ara rẹ̀ lè wọlẹ̀. Etí bọ́ọ̀dù ló ń dì mú, kì í fọwọ́ tẹ àárín rẹ̀.

Ó wọn bátìrì. CR2032 ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, fóòtì 3 ló sì yẹ kó ní. Mítà ka 2.3. Dáyóòdù kan wà láàárín bátìrì àti ṣíìpù, tí kì í jẹ́ kí iná páwà ṣàn padà wọ inú bátìrì. Òun náà ń jẹ díẹ̀ lára fóòtì. Nígbà tí ọ̀gá fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ ṣíìpù, 1.9 ló rí. Irú SRAM yìí sábà máa ń fẹ́ fóòtì 2, ó kéré tán, kó tó lè di ìrántí mú.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti nawọ́ mú bátìrì tuntun. “Dúró ná,” ni ọ̀gá wí. “Ta ló jẹ eléyìí?”

Ó ya páálí kan, ó ṣírò sẹ́yìn rẹ̀. Agbára inú CR2032 jẹ́ nǹkan bí mAh 220. Ọdún 7 tí wọ́n ń retí kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lò lé ní wákàtí 61,000. Bí a bá pín in, ohun tí ṣíìpù ń fà kò yẹ kó ju nǹkan bí máíkíróámpù 3.6 lọ. Ó wá mú résítọ̀ ohm 1,000, ó so ó sáàárín bátìrì tuntun àti ojú ibi tó ti yọ ti àtijọ́, ó sì fi mítà wọn orí résítọ̀ náà. Pẹ̀lú ohm 1,000 yìí, mìlífóòtì kan tí mítà bá kà, máíkíróámpù kan ni. Mítà ka 50. Bátìrì ọdún méje yóò ti tán ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ó tẹ ọrùn fìtílà wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Láàárín ẹsẹ̀ ṣíìpù, nǹkan pupa rúsúrúsú kan lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù: èérí lẹ́ẹ̀dì tí ẹni tó pààrọ̀ bátìrì kò fọ̀, tí eruku àti ọ̀rinrin ti bá a pò pọ̀. Iná ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi spirit rin búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gbá èérí náà lọ sí apá kan ṣoṣo, kì í fà á padà, kó má baà kó o sábẹ́ ṣíìpù. Ó fi aṣọ funfun fa omi rẹ̀, ó tún un ṣe títí aṣọ kò fi mú àwọ̀ kankan mọ́. Ó fi atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ gbẹ ẹ́. Mítà ka 19.

Ẹlòmíì ì bá ní ó ti tó. Ọ̀gá wo ohun tó kù lójú ọ̀nà bátìrì. Ó fi áyọ́ọ̀nù gbé ẹsẹ̀ kapásítọ̀ kan sókè, ẹsẹ̀ kan péré, ó fi ìkejì sílẹ̀. Mítà já sí 3. Kapásítọ̀ náà kò wú, kò sun omi. Inú lọ́hùn-ún ló ti gbó. Ó wá irú rẹ̀ nínú agolo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, ó kọjú ìlà òdì rẹ̀ síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Ó jó o mọ́lẹ̀, ó fọ ibẹ̀, ó tún un wọ̀n: 3.

Ìgbà náà ni bátìrì tó kàn. Èyí tó ní etí irin ló lò, nítorí bí ẹnu áyọ́ọ̀nù bá kan ara bátìrì lithium, ooru lè bà á jẹ́, ó tilẹ̀ lè bú gbàù. Ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí etí kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Ó tan ẹ̀rọ, ó dá ètò inú láptọ́ọ̀pù padà sí i. Lórí fóònù KX-T7730 tó so mọ́ ojú 01, ó tẹ PROGRAM àti nọ́ḿbà aṣínà, ó wọ 000, ó tún ọjọ́ àti aago ṣe. Lọ́sàn-án Jímọ̀ọ́, ó yọ ọ́ lára iná. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó tan án: ọjọ́ pé, aago pé, kálukú sì ń dún níbi tó yẹ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ìdánwò yẹn ò jù kí a mọ̀ pé lẹ́ẹ̀dì di bátìrì mú dáadáa; bátìrì tuntun yóò kọjá nínú rẹ̀ bí iná tilẹ̀ ń jò. 3 tí mítà kà ni ẹ̀rí tòun.

Nígbà tó gbé ẹ̀rọ padà, ó fún akọ̀wé ní fáìlì ètò náà nínú fláàṣì. “Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, Àǹtí. Tó bá pé ọdún márùn-ún, ẹ pè mí ká pààrọ̀ bátìrì. Ẹ má dúró de ọdún keje o.”