Ewì Olóhùn Nínú Èdè Aláìlóhùn: Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Ewì Àtijọ́ Ilẹ̀ Ṣáínà Ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Ohun tó bí iṣẹ́ yìí kò jìnnà. Ní Ugborikoko àti agbègbè Warri lápapọ̀, èdè olóhùn ló yí wa ká: Uvwie, Urhobo, Ìṣẹ́kírì, Ijaw, àti Yorùbá tiwa. Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi ń kọ ewì. Bí ewì bá ti inú èdè olóhùn bọ́ sínú èdè tí kì í fi ohùn pín ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kí ló yẹ kó bá a lọ? Àwọn tó ń fi ìlànà àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà kọ ewì ní Gẹ̀ẹ́sì ń bá ìṣòro kan náà wọ̀yá ìjà. A ó fi tiwọn kọ́gbọ́n.

Ìlànà náà

Láyé ìdílé ọba Tang (618–907) ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní lüshi gbilẹ̀. Du Fu (712–770) jẹ́ gbòógì lára àwọn tó lò ó. Ìlà mẹ́jọ ni ewì náà máa ń ní. Ìlà kọ̀ọ̀kan a ní sílébù márùn-ún tàbí méje. Wọ́n pín ohùn sí méjì, èyí tó tẹ́jú àti èyí tí kò tẹ́jú, òfin sì wà fún bí a ṣe ń tò wọ́n. Ìlà kẹta àti ìkẹrin ní láti ṣe déédéé ara wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ fún ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkarùn-ún àti ìkẹfà.

Ọ̀nà méjì

Àwọn kan fi òfin sílẹ̀. Ezra Pound kò gbọ́ èdè Ṣáínà. Àkọsílẹ̀ tí Ernest Fenollosa fi sílẹ̀ ló lò fún ìwé Cathay (1915). Àwòrán inú ewì ló dì mú. Ó dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á kò lè mọ̀ pé ewì ilẹ̀ Ṣáínà ní òfin òǹkà àti ohùn.

Àwọn mìíràn di òǹkà mú: sílébù márùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tiwa, àṣìṣe tiwọn ló tóbi jù. Ní èdè Ṣáínà àtijọ́, sílébù kan sábà máa ń jẹ́ odindi ọ̀rọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, 'university' nìkan ti gba gbogbo ìlà tán. Iye pé, ṣùgbọ́n ẹrù tí iye náà ń gbé ti já bọ́ lọ́nà.

Àpẹẹrẹ láti ilé

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlà méjì tí àwa fúnra wa hun dán an wò:

Igbá ń bẹ nílé, omi ò sí;
Igbà ń bẹ lájà, ọ̀pẹ ò sí.

Sílébù mẹ́wàá-mẹ́wàá ni. Ohùn nìkan ló ya igbá sọ́tọ̀ sí igbà: ìfohùndárà ni. Bí a bá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ìfohùndárà kú. Kíka sílébù mẹ́wàá kò sì lè jí i. Ṣùgbọ́n ohun èlò kojú ohun èlò, àìní kojú àìní: èyí kò kú. Òun ló yẹ kí ẹni tó ń kọ lüshi ní Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dì mú.

Níyì Ọ̀ṣúndáre ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ewì Yorùbá nínú The Eye of the Earth (1986). Kò ka sílébù. Àwítúnwí ló lò, ó sì tọ́ka sí ìlù àti fèrè tí yóò bá ewì rìn, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé etí la fi ń gbà á.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé òǹkà kò wúlò. Ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fún ní máàkì, ibẹ̀ sì ni ewu wà fún àwa olùkọ́. Àwa náà ti fún ewì ní máàkì rí nítorí pé ìlà rẹ̀ pé, láìbéèrè ohun tí ìlà náà sọ. Àbá wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ewì náà ní èdè abínibí rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, kó sì kà á sókè, kó tó gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹrù kò lè mọ èyí tó já bọ́.