Bátìrì Adams Níwájú Adájọ́ Clark

Bátìrì kan ṣoṣo ni ìdájọ́ tí Adájọ́ Tom Clark kọ fún Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1966, dá lé lórí. Ìjọba ló pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bert Adams, tó ṣe bátìrì náà, ló jàre. Iṣẹ́ gidi ni ìdájọ́ ọ̀hún lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yára kọjá níbi kan tó yẹ kó ti dúró rojọ́.

Mágnẹ́síọ̀mù wà lápá kan bátìrì náà, kiloráìdì bàbà wà lápá kejì, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó ni a óò bu omi sí i, ì báà ṣe omi lásán tàbí omi iyọ̀. Àmọ́ bí omi bá ti kàn án, kò ṣeé dá dúró mọ́, ó sì ń gbóná. Nígbà tí Adams gbé e lọ bá àwọn ọmọ ogun ní 1942, àwọn ògbóǹtarìgì wọn kò gbà pé ó lè wúlò. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá ní kí àwọn iléeṣẹ́ máa ṣe é fún wọn láìsọ fún un. Ọdún 1955 ló tó yẹ ọ̀kan wò, tó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó béèrè owó. Ìjọba kọ̀ jálẹ̀ ní 1960. Ó gba kóòtù lọ.

Ìjọba ní páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, kò tọ́ sí Adams, nítorí kò sí ohun tuntun níbẹ̀, ohun tó hàn sí gbogbo oníṣẹ́ bátìrì ni. Bátìrì onísínkì àti kiloráìdì fàdákà ti pẹ́ láyé, àwọn ìwé àtijọ́ sì ti sọ pé mágnẹ́síọ̀mù lè rọ́pò sínkì. Páténtì Wensky ti 1891 pàápàá ti mẹ́nu kan kiloráìdì bàbà.

Clark kò jẹ́ kí iye ìwé dẹ́rù ba òun. Ohun tó wò ni ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa kọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bátìrì. Ẹ wo páténtì Skrivanoff ti 1880: mágnẹ́síọ̀mù wà nínú rẹ̀, kiloráìdì bàbà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ásíìdì gbígbóná àti fọ́sífọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ká pò mọ́ ọn. Ẹlẹ́rìí Adams gbìyànjú láti ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò ṣiṣẹ́, ó sì léwu. Clark tún sọ pé ohun tí gbogbo oníṣẹ́ bátìrì gbà, pé èyí tó bá ń gbóná, tí kò sì ṣeé dá dúró, kò wúlò, ìrẹ̀wẹ̀sì ló jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá la irú ìyẹn kọjá, tó sì yege, kò ṣe ohun tó hàn sí gbogbo ènìyàn. Níbí ni ìdájọ́ náà ti múná jù lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìjọba tọ́ka sí i pé gbólóhùn 1 àti 10 nínú ohun tí páténtì Adams ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí kò dárúkọ omi rárá. Clark ní ká kà wọ́n pọ̀ mọ́ àlàyé tó wà nínú páténtì náà, ó sì kọjá. Mo fara mọ́ ìlànà yẹn. Ṣùgbọ́n omi yìí náà ló fi ya Adams sọ́tọ̀ kúrò lára Skrivanoff alásíìdì, nítorí náà ó yẹ kí ó fi ojú ewé kan tàbí méjì rò ó. Adájọ́ Byron White nìkan ló tako ìdájọ́ náà, kò sì kọ ìdí kankan. Ká ní ó kọ ọ́ ni, bóyá Clark ìbá ti gba omi yẹn rò dáadáa.