Omi Tó Ti Wà Nílẹ̀ Kí Òjò Tó Dé

Ará Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ omíyalé. Odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní 180 mílímítà rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo; odò Ọ̀nà kún àkúnya, afárá já. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi kọ̀ǹpútà rọ irú òjò bẹ́ẹ̀, ká lè mọ ọ̀nà tí omi máa gbà kó tó dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òjò yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ohun tí èmi fẹ́ràn jù níbẹ̀ ló ń ṣáájú òjò: kí n sọ fún kọ̀ǹpútà iye omi tó ti wà nílẹ̀.

Bí o bá ní odò àti ilẹ̀ gbẹ táútáú, kọ̀ǹpútà kò ní jiyàn. Àgbẹ̀ Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, ló máa jiyàn. Ó mọ̀ pé irú òjò tí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń mu láìṣẹ́kù, inú poro ló ń gbà lọ sódò bí ilẹ̀ bá ti mu omi yó.

Ti odò rọrùn. Màá jẹ́ kí omi ìwọ̀nba máa ṣàn láti òkè wá títí ojú rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kàn fi omi kún un láìwọ̀n, àpọ̀jù yẹn á tú jáde bí omíyalé tí òjò kankan kò fà. Àmọ́ àṣìṣe odò kì í pẹ́: bí odò Ògbèrè bá ti ṣàn fún wákàtí mélòó kan, omi irọ́ á ti bá tirẹ̀ lọ.

Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n kọ́ ní 1942, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi mítà kan dín omi inú rẹ̀ kù, òjò á kọ́kọ́ dí àyè yẹn ná, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ dáàmù á sì yè bọ́ lórí ìwé nìkan. Ilẹ̀ náà ń tọ́jú òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà, kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo ń béèrè lọ́wọ́ apẹja ibi tí omi dáàmù dé, mo ń béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń rì lóko. Ibi tí omi bá ti ń pẹ́ ni èmi náà ti ń pẹ́.