Michael Longley, Akéwì Tó Ń Fi Orúkọ Ṣọ̀fọ̀

Bí wọ́n bá ń ka àwọn akéwì ilẹ̀ Ireland, Seamus Heaney ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí èèyàn lẹ́nu. Michael Longley, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gòkè ní Belfast láwọn ọdún 1960, kì í tètè wá sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn. Síbẹ̀, èmi tí mò ń kọ èyí, tí ewì kíkọ jẹ́ iṣẹ́ èmi náà, gbà pé kò sí èyí tó mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ gbé ọ̀fọ̀ ńlá tó Longley láàárín wọn.

Belfast ni wọ́n bí i sí ní 1939, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ìmọ̀ Gíríìkì àti Látìn ayé àtijọ́ ló kọ́ ní Trinity College, Dublin. Kì í kánjú tẹ ìwé: lẹ́yìn The Echo Gate tó jáde ní 1979, ọdún 12 kọjá kí odindi ìwé ewì tuntun tó tẹ̀lé e, ìyẹn Gorse Fires.

Inú ìwé yẹn ni "The Ice-Cream Man" wà. Ní 1988, nígbà tí ìjà Àríwá Ireland ṣì gbóná, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù áísìkirimù ní Lisburn Road, nítòsí ilé Longley. Ọmọbìnrin Longley ra òdòdó, ó lọ fi í sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ yìí ni ewì náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ka oríṣiríṣi áísìkirimù, ó sọ ti ikú náà wéré, lẹ́yìn náà ni bàbá wá ń dárúkọ òdòdó ìgbẹ́ tó rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Burren, ilẹ̀ olókùúta tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Ireland. Orúkọ 21 tẹ̀ léra wọn, ewì sì tán.

Kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, kò wàásù. Ẹni tó ń kọ ewì ló mọ bó ti le tó láti pa ẹnu mọ́ níbẹ̀. Ẹni tó sì fi etí gbọ́ oríkì dàgbà kò ní béèrè pé kí ni orúkọ lásán fẹ́ ṣe fún òkú.

Ìyá olóògbé náà kọ lẹ́tà sí i, ó dúpẹ́. Ó ní oríṣi áísìkirimù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ 21, iye kan náà pẹ̀lú òdòdó inú ewì. Longley kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́.

Ewì tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù ni "Ceasefire", ìlà 14 péré. Ó wà nínú ìwé ìròyìn The Irish Times níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án 1994, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí IRA, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà nínú ìjà Àríwá Ireland, kéde pé àwọn dáwọ́ ìjà dúró. Kò dárúkọ Belfast rárá. Ìtàn Homer, akéwì Gíríìkì ayé àtijọ́, ló sọ: Priam, ọba Troy tó ti darúgbó, lọ bẹ Achilles pé kó gbé òkú ọmọ òun fún òun. Ibi tí ọwọ́ akéwì ti hàn nìyí: nínú Homer, bí ọba ti wọlé ló kúnlẹ̀, tó fẹnu kan ọwọ́ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀. Longley gbé e kúrò níbẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n sunkún, kí wọ́n tọ́jú òkú, kí wọ́n jọ jẹun, ó wá fi ìkúnlẹ̀ náà sí ìlà méjì tó kẹ́yìn, níbi tí òǹkàwé kò ti ní lè gbójú fò ó. Ìlà méjì tí ó ṣí nípò yìí ni gbogbo agbára ewì náà.

Longley ní Gordon Wilson wà lọ́kàn òun nígbà tí òun ń kọ ewì náà, bàbá tí bọ́ǹbù pa ọmọ rẹ̀ ní Enniskillen ní 1987, tó sì ní òun kò bínú sí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Longley fúnra rẹ̀ ló tún máa ń sọ ti ẹnì kan tí ìjà náà dé ilé rẹ̀, tó sọ fún un pé ewì náà dára, àmọ́ òun kò tíì lè dárí jì.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ewì Longley lè bẹ̀rẹ̀ láti orí Ash Keys, àṣàyàn ewì rẹ̀ tó jáde ní 2024, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé.