Orúkọ àti Ìbátan: Ìgbéléwọ̀n Ìsọlórúkọ Archaea

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní 1977, Carl Woese àti George Fox fi RNA inú ráíbósóòmù hàn pé àwọn ohun abẹ̀mí aláìfojúrí kan tí a kà mọ́ bakitéríà kì í ṣe ọmọ ilé náà. Síbẹ̀, “archaebacteria” ni wọ́n pè wọ́n. Orúkọ tako ẹ̀rí. Ní 1990, Woese, Kandler àti Wheelis gé “bacteria” kúrò. Ó tọ́: ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe àdàkọ DNA wọn sí RNA jọ ti ènìyàn ju ti bakitéríà lọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ “archaea” ni “àtijọ́”, ẹ̀rí kò sì fi hàn pé wọ́n dàgbà ju bakitéríà lọ. Ògbufọ̀ tó bá pè wọ́n ní “kòkòrò àtijọ́” jogún àṣìṣe náà. Orúkọ tí yóò yẹ wọ́n lédè Yorùbá gbọ́dọ̀ sọ ìbátan wọn.