Áàpù Tó Kú, Tí Ẹnikẹ́ni Ò Mọ̀

Fóònù Android àkọ́kọ́ tó dé ọjà, HTC Dream ti ọdún 2008, kò ní ju RAM 192 MB lọ. Áàpù tí èèyàn fẹ́ ṣí pọ̀ ju àyè yẹn lọ, ni àwọn tó kọ Android bá gbé òfin kan kalẹ̀: bí àyè bá ti há, fóònù á pa áàpù tí kò sí lójú, kò sì ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2010, Dianne Hackborn, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà náà, ṣàlàyé rẹ̀ fáráyé: kí áàpù máa fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pamọ́, kí ẹni tó ń lò ó lè padà bá a bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni adùn iṣẹ́ áàpù kíkọ wà.

Ẹnì kan ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù lórí fóònù 1 GB. Ó ti kọ orúkọ, ó ti kọ àdírẹ́sì, fọ́ọ̀mù wá ní kó ya fọ́tò. Bí kámẹ́rà ṣe ṣí, ó gba àyè tó pọ̀, fóònù sì pa fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ áàpù náà mọṣẹ́, ó ti fi onSaveInstanceState, ọ̀nà tí Android fi ń jẹ́ kí áàpù fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pamọ́, kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó ń ya fọ́tò padà dé, ó bá orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá tiẹ̀ lọ.

Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ọgbọ́n. Tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ píksẹ́lì 4000, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 3000, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 4, mílíọ̀nù báìtì 48 ló máa gbà nínú RAM. Pẹ̀lú inSampleSize 4, ètò Android tó ń dín àwòrán kù bó ṣe ń wọ RAM, ìbú á di 1000, gíga á di 750, ẹrù náà á sì fúyẹ́ di mílíọ̀nù 3. Ojú ò ní mọ ìyàtọ̀ nínú àwòrán kékeré inú fọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe áàpù fóònù nìkan ló ń kú báyìí: láti 2015 ni bùráúsà Chrome orí kọ̀ǹpútà náà ti ń pa tábù tí a pa tì nígbà tí RAM bá fẹ́ tán. Ojúewé lè má gbọ́ ìkìlọ̀ kankan kó tó kú, pàápàá lórí fóònù. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀jáfáfá fi ń gbẹ́kẹ̀ lé visibilitychange, àmì tí bùráúsà ń fún ojúewé nígbà tó bá kúrò lójú tàbí tó bá padà sójú: ní kété tí ojúewé bá kúrò lójú, ohun tí a tẹ̀ á ti wọ localStorage, ibi ìpamọ́ inú bùráúsà.

Chrome ní ojúewé kan, chrome://discards, níbi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa tábù. Àwọn oníṣẹ́ á pa á, wọ́n á tún un ṣí, wọ́n á wo ohun tó padà wá. Tí ọ̀rọ̀ bá pé, ó dára. Tí kọ́sọ̀ bá tún bọ́ sí àárín gbólóhùn tí a ò tíì kọ tán, wọ́n á pe ara wọn wá wò ó.